ÈLÓ NI EPO TÓ MỌ́, ÈLÓ SÌ NI EPO TÍ KÒ MỌ́?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ ní ìdá mẹ́rin ọdún yìí

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá ní ìgbà yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò. Kì í ṣe ìṣirò owó èlé tàbí ti ìpín èrè òpin ọdún, èyí tí gbogbo wa ti mọ̀ dunjú. Ìṣirò epo bẹntiróò ni. A fẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kà á sókè ní ìpàdé, kí ẹni tí kò rí ìwé náà gbà lè gbọ́, kí ó sì dá sí i.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ní kí epo tó ń wọ ìlú wa mọ́ ju bó ti wà lọ, ohùn àkọ́kọ́ tí a máa ń gbọ́ láàárín àwọn awakọ̀, àwọn aránṣọ, àwọn alátagùn àti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ni pé, "Wọ́n tún fẹ́ fi owó kún epo nìyẹn." A kò lè bá wọn wí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà epo kan tí a ń rà ní nǹkan bí 190 náírà fò sókè sí ohun tó lé ní 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń lọ sópin, ó ti sún mọ́ 1,000 náírà, ó sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn. Ẹni tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà lórí rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi abẹ́rẹ́ lé e.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá mọ ìwé owó í kọ, apá méjì ni ìwé rẹ̀ máa ń ní: apá owó tó jáde àti apá owó tó wọlé. Bí a bá ka apá kan, tí a sì pa ìwé náà dé, a kò tíì ṣe ìṣirò kankan. Epo tí kò mọ́ ní owó tirẹ̀ tó ń gbà lọ́wọ́ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kì í sí nínú rìsíìtì ilé epo. Ọ̀dọ̀ dókítà ni a ti ń san án, àti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, àti ní ibojì pẹ̀lú. Bí a ṣe ń wọn apá méjèèjì pọ̀ láìṣe ojúsàájú ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

Ohun tó wà nínú epo

Epo rọ̀bì tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀ ní imí ọjọ́ nínú. Ilé ìfọpo ló ń yọ ọ́, iṣẹ́ tó sì ń ná owó ni, nítorí pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ ọ́ wọ́n, ooru tó ń jẹ kò sì kéré. Bí imí ọjọ́ tó kù nínú epo bá ṣe kéré tó ni owó tí wọ́n ná sí i ṣe ń pọ̀ tó. (Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń bí wa nínú: epo rọ̀bì ti Nàìjíríà wà lára àwọn tí imí ọjọ́ wọn kéré jù lọ láyé. Èyí tó dára ni a ń kó lọ fún wọn, èyí tí kò mọ́ ni a sì ń fi owó rà bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.)

Àwọn onímọ̀ máa ń ka imí ọjọ́ náà ní ìpín nínú mílíọ̀nù kan. Kí èyí má ṣe dẹ́rù bà yín. Bí wọ́n bá ní imí ọjọ́ inú epo jẹ́ 1,000, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú kílò epo kan, gíráàmù kan jẹ́ imí ọjọ́. Awakọ̀ tó ń jó lítà 30 lóòjọ́, epo rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí kílò 22. Gíráàmù 22 imí ọjọ́ ni yóò gba ẹnu sáíléńsà rẹ̀ jáde kí ó tó sùn ní alẹ́. Bí imí ọjọ́ bá sì jó, tí ó bá afẹ́fẹ́ pọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń di ìlọ́po méjì, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 44 èéfín tó ń ta ni lójú, tó sì ń há ni lọ́fun. Bí epo náà bá jẹ́ 50, gíráàmù kan àti díẹ̀ péré ni imí ọjọ́ náà ì bá jẹ́. Ẹ ka iye mọ́tò tó wà ní gáréèjì kan ṣoṣo ní àdúgbò yín, kí ẹ wá fi sọ ọ́ di púpọ̀.

Èyí nìkan kọ́ ni. Lábẹ́ mọ́tò tí kò tíì gbó jù, asẹ́ kan wà lójú ọ̀nà sáíléńsà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kátálíìsì. Àwọn irin olówó ńlá bíi pìlátínọ́ọ̀mù ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ èéfín olóró di èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu kí ó tó jáde sí afẹ́fẹ́. Imí ọjọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn irin yìí bí ìpẹ́ ẹja ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn bó ti yẹ. Nítorí náà, ẹni tó yọ imí ọjọ́ kúrò nínú epo kò yọ imí ọjọ́ nìkan. Ó la ojú asẹ́ náà, àwọn èéfín mìíràn sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀, àní lára mọ́tò tó ti wà lójú pópó tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó tún padà dé orí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti ọdún 2009, imí ọjọ́ inú epo mọ́tò kò gbọdọ̀ ju 10 lọ. Ní tiwa, òfin gba 1,000 láyè fún bẹntiróò àti 3,000 fún dísù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, àjọ kan ní ilẹ̀ Switzerland tó ń jẹ́ Public Eye tú àṣírí ohun tí èyí ń fà. Àwọn oníṣòwò ń po epo ní èbúté bíi Amsterdam àti Antwerp, wọ́n ń po ó dé ibi tí òfin ìlú tó ń lọ bá gbà wọ́n láyè dé, wọ́n sì ní orúkọ fún un láàárín ara wọn: epo ti Áfíríkà. Imí ọjọ́ inú dísù kan tí àjọ náà yẹ̀ wò fi ìlọ́po 378 ju ohun tí Yúróòpù gbà láyè lọ. Kò sì sí òfin tí wọ́n rú. Òfin tiwa ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 kan náà, Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Ivory Coast kéde pé àwọn yóò ti ilẹ̀kùn náà. Nínú ìlànà ọdún 2017, Nàìjíríà fi 150 sí bẹntiróò àti 50 sí dísù. Gánà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lórí dísù láti oṣù Keje ọdún náà. Tiwa ń falẹ̀. Ní ọdún 2020, àwọn mínísítà ECOWAS fi ẹnu kò sí 50 fún epo méjèèjì, láti oṣù Kìíní ọdún 2021 fún èyí tó ń ti òkè òkun bọ̀, wọ́n sì yọ̀ǹda fún àwọn ilé ìfọpo abẹ́lé títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ní ọdún 2023, Holland fúnra rẹ̀ sọ pé epo tó ju 50 lọ kò gbọdọ̀ jáde láti èbúté òun mọ́ wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Bí wọ́n ṣe wọn òjé ní Amẹ́ríkà

Ó kù kí a mọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n. Fún èyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí pé ìṣirò tí a rí níbẹ̀ ni a kà sí èyí tó kọ́ ni jù lọ lórí ọ̀rọ̀ epo. Òjé ni ó dá lé, kì í ṣe imí ọjọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà ni.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1921, Thomas Midgley, tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors, rí i pé bí a bá fi oògùn tó ní òjé díẹ̀ sínú bẹntiróò, ẹ́ńjìnnì kò ní máa kan gbì-gbì nínú mọ́. Ní ọdún 1923, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún aráyé. Ní ọdún 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú níbi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn náà ní Bayway ní New Jersey, lẹ́yìn tí orí wọn ti dàrú. Ìjọba pe ìpàdé lé e lórí ní ọdún 1925. Dókítà obìnrin kan tó mọ̀ nípa àìsàn àwọn òṣìṣẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ nígbà náà, Alice Hamilton, dìde, ó sì kìlọ̀ pé òjé kì í ṣe ohun tí a lè tú sí afẹ́fẹ́ kí ó má pa ni lára. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Èrè epo náà ti hàn sí gbogbo ènìyàn. Owó àìsàn kò tíì sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó fi wà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1975 ni mọ́tò tuntun tó ní kátálíìsì ti ń lo epo tí kò ní òjé, nítorí pé òjé máa ń ba asẹ́ náà jẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn mọ́tò àtijọ́ ṣì ń lo èyí tó ní òjé. Ní ọdún 1982, lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Reagan, àwọn ilé ìfọpo kéékèèké ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dẹ okùn òfin òjé fún wọn, àwọn kan nínú ìjọba sì ti fẹ́ gbà. Wọ́n ní owó náà pọ̀ jù. Ẹ̀bẹ̀ wọn kò ṣàjèjì sí wa.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni ẹ̀jẹ̀. Láti ọdún 1976 dé 1980, ìjọba Amẹ́ríkà ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri orílẹ̀-èdè náà láti mọ bí ara wọn ṣe rí. Nígbà tí wọ́n fi òjé inú ẹ̀jẹ̀ náà wé òjé tí wọ́n lò nínú epo láti oṣù dé oṣù, wọ́n rí i pé méjèèjì jọ ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìbejì. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ fi ìdá 37 nínú 100 dín kù láàárín ọdún mélòó kan yẹn. Kò tún sí ẹni tó lè sọ pé òjé inú epo kò dé inú ọmọ.

Ní oṣù Kejì ọdún 1985, EPA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń rí sí afẹ́fẹ́ àti omi, gbé ìwé ìṣirò jáde. Joel Schwartz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe é. Ìbéèrè wọn rọrùn: bí a bá dín òjé inú gálọ́ọ̀nù epo láti gíráàmù 1.1 sí 0.1, èló ni yóò ná orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 1986, kí ni yóò sì rí gbà?

Ní apá ìná, wọ́n kọ dọ́là mílíọ̀nù 608. Èyí ni owó tí àwọn ilé ìfọpo yóò ná kí epo tó lè ní agbára láìsí òjé.

Ní apá ìrí, wọ́n kọ mílíọ̀nù 600 fún ìtọ́jú àwọn ọmọ tí òjé ti wọ̀ lára àti fún ẹ̀kọ́ àkànṣe tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Wọ́n kọ mílíọ̀nù 914 fún àtúnṣe mọ́tò, nítorí pé òjé a máa jẹ pílọ́ọ̀gì, a máa jẹ sáíléńsà, a sì máa ba ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì jẹ́. Wọ́n kọ mílíọ̀nù 187 fún epo tí mọ́tò kò ní jó dànù mọ́, àti mílíọ̀nù 222 fún àwọn èéfín mìíràn tí yóò dín kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: mílíọ̀nù 5,897 fún ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbàlagbà àti ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fà, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 7,800.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀ nìyí. Ìmọ̀ nípa òjé àti ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà, àwọn kan ń jiyàn lé e lórí. Kí ni wọ́n ṣe? Nígbà tí wọ́n ń gbé òfin kalẹ̀, wọn kò gbára lé owó ńlá yẹn. Wọ́n yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì tún ìwọ̀n náà wọ̀n láìsí i. Ohun tó kù ní apá ìrí jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 1,924, ó ṣì ju ìlọ́po mẹ́ta ìná lọ. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kúrò, ẹ yọ ti èéfín kúrò, ẹ yọ ti epo kúrò, ẹ fi ti mẹkáníìkì nìkan sílẹ̀: 914 ṣì ju 608 lọ. Nígbà tí ìwọ̀n bá rí báyìí, tó jẹ́ pé a lè gbé ohun tó wúwo jù kúrò lórí rẹ̀ kí ó má sì fì sí apá kejì, ọkàn ẹni a balẹ̀ láti gbé òfin lé e. Akápò tó gbọ́n náà kì í ka owó tí kò tíì dájú mọ́ ohun tí yóò pín fún ọmọ ẹgbẹ́.

A kò ní ṣàìsọ èyí tí kò tẹ́ wa lọ́rùn níbẹ̀. Mílíọ̀nù 600 ti àwọn ọmọ yẹn, owó dókítà àti owó olùkọ́ ni wọ́n kà. Ọgbọ́n orí ọmọ tí kò ní padà mọ́, ìrora òbí rẹ̀, wọn kò rí iye tí wọn yóò kọ sí i, wọ́n sì fò ó. Nínú irú ìṣirò yìí, ohun tí kò bá ní iye máa ń dà bí ohun tí kò sí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé ìṣirò, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọn kò kọ sínú rẹ̀.

Òfin náà dín òjé sí gíráàmù 0.5 ní oṣù Keje ọdún 1985, àti sí 0.1 ní oṣù Kìíní ọdún 1986. Ní ti àwọn ilé ìfọpo kéékèèké tó ń sunkún, wọ́n wá ọgbọ́n kan sí i tí yóò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti dá àjọ rí. Ilé ìfọpo tó bá dín òjé rẹ̀ ju bí òfin ti wí lọ lè ta àyè tó ṣẹ́ kù fún èyí tí kò tíì lè ṣe é. Láti ọdún 1985, ó sì lè tọ́jú àyè náà pamọ́ de ọjọ́ iwájú. Ní òpin ọdún 1987, wọ́n pa ètò náà dé, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹni tó lágbára ṣáájú, ẹni tí kò lágbára tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ní kó máa wo ọ̀run kó kú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1996, wọ́n fi òfin de òjé nínú epo mọ́tò ojú pópó ní Amẹ́ríkà pátápátá. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà ṣe ìpinnu tiwọn ní Dakar ní ọdún 2001, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, òjé ti kúrò nínú epo wa. Algeria ló ṣe ìkẹyìn ní gbogbo àgbáyé, ní oṣù Keje ọdún 2021. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó láti ọjọ́ tí Alice Hamilton ti sọ ọ́.

Imí ọjọ́, àti ẹni tó di ìwọ̀n mú

Nígbà tó kan imí ọjọ́ ní Amẹ́ríkà náà, wọ́n kọ́kọ́ dín in láti nǹkan bí 300 sí 30 láàárín ọdún 2004 sí 2006. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, EPA ní kí ó tún di 10, láti ọdún 2017. Ẹgbẹ́ àwọn elépo ní ó lè fi sẹ́ǹtì 9 kún iye tí gálọ́ọ̀nù kan yóò náni. EPA ní kò ní tó sẹ́ǹtì kan. EPA fi kún un pé nígbà tó bá fi di ọdún 2030, gbogbo ètò náà, òun àti ti mọ́tò tuntun, yóò máa ná nǹkan bí dọ́là bílíọ̀nù 1.5 lọ́dún, èrè rẹ̀ yóò sì wà láàárín bílíọ̀nù 6.7 sí 19, pẹ̀lú ẹ̀mí 770 sí 2,000 tí kò ní bọ́ láìtọ́jọ́.

Sẹ́ǹtì kan sí mẹ́sàn-án: ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ náà pọ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tí yóò náwó ni yóò máa sọ pé owó pọ̀, ẹni tó fẹ́ òfin ni yóò máa sọ pé kò pọ̀. A kò sọ pé elépo ń purọ́. A ní kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá mú iye wá pé kí ó ṣí ìwé rẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń ní kí akápò ṣí tirẹ̀. Ẹ tún kíyè sí i pé EPA kò dá iye kan ṣoṣo lé èrè. Láti 6.7 dé 19 jìnnà síra, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù pàápàá ju ìná lọ ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ó wá kan àwa

Ó dùn láti gbé ìṣirò Amẹ́ríkà wá sílé bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kò ní bá wa mu pátápátá. Ẹ rántí kátálíìsì tí a sọ. Púpọ̀ nínú èrè tí Amẹ́ríkà rí lára imí ọjọ́ wá láti ara asẹ́ náà, nítorí pé ó wà lára mọ́tò wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní tiwa, ọ̀pọ̀ mọ́tò tokunbo ló ti pàdánù tirẹ̀. Àwọn kan yọ ọ́ tà nítorí irin inú rẹ̀, àwọn mẹkáníìkì kan sì ń sọ fún oníbàárà pé kì í jẹ́ kí mọ́tò sáré. Mọ́tò tí kò ní asẹ́, epo mímọ́ yóò dín imí ọjọ́ rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò ní asẹ́ tí yóò là lójú. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún: èéfín rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ti ọ̀dọ̀ imí ọjọ́ wá. Ẹni tó bá ṣèlérí fún yín pé òfin epo nìkan yóò fọ afẹ́fẹ́ Èkó tàbí Ìbàdàn mọ́, kò wọn nǹkan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò ní kí ẹ sọ ọ́ di kékeré. Báǹkì Àgbáyé ṣe ìṣirò kan lórí Èkó, ó sì jáde ní ọdún 2020. Ó ní ní ọdún 2018, nǹkan bí ẹ̀mí 11,200 ni afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin gbà ní Èkó, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 wọn ló sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Owó tó bá a lọ jẹ́ dọ́là bílíọ̀nù 2.1. Mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ àti èéfín ilé iṣẹ́ wà lára ohun tó fà á, ilẹ̀ tí a ń sun náà sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kó gbogbo 11,200 náà lé orí epo nìkan, ó ń fi ọwọ́ tẹ ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdá kan nínú ogún péré ni epo tó mọ́ lè dín kù nínú rẹ̀ (àpẹẹrẹ ni a fi ṣe), ẹ̀mí 560 ni yẹn lọ́dún kan ní ìpínlẹ̀ kan, àwọn ọmọ ọwọ́ sì ni púpọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo apá ìná pẹ̀lú owó tiwa. Ká ní epo tó mọ́ fi náírà márùn-ún wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí lítà kan. Kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni kéde; a fi ń kọ́ ìṣirò ni. Awakọ̀ dánfó tó ń jó lítà 30 yóò fi 150 náírà kún ìnáwó rẹ̀ lóòjọ́. Bó bá fi ọjọ́ 26 ṣiṣẹ́ lóṣù, ó di 3,900 náírà. Owó ni fún ẹni tó ń dá owó ọkọ̀ fún olówó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń gbé èrò 14, tó sì ń ná ọ̀nà náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lóòjọ́, èrò 112 ló gbé. Bí gbogbo wọn bá jọ pín 150 náà, kò tó náírà kan àbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ṣéńjì náírà kan àbọ̀, wọn a sì fi 50 kún owó ọkọ̀. Owó tí èrò ń san á wá jìnnà sí owó tí epo mímọ́ ń ná. Ibi tí ẹgbẹ́ ti wúlò nìyí: ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò lè jókòó fi ẹnu kò sí iye kan kí olúkúlùkù tó máa bù ú bó ṣe wù ú.

Ta ni yóò sì rí èrè náà gbà? Kì í ṣe ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ti dígí tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí lára. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni àkọ́kọ́, nítorí pé ẹ̀yìn sáíléńsà ẹlòmíràn ló ń gbé láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Òun àti ẹni tó ń ta búrẹ́dì nínú gò-sílóò, àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ sùn lẹ́yìn ìsọ̀ ní ẹ̀bá títì. Àwọn tí owó epo ń dùn jù náà ni èéfín ń wọ̀ lára jù.

Ohun kan kù, òun ló sì lè sọ gbogbo ìṣirò yìí di asán: àyẹ̀wò. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, ó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ó sì tò wá sí ilé epo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ti yẹ epo náà wò kí ó tó wọlé. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé methanol kò sí lára ohun tí wọ́n máa ń wò. Bí a bá kọ 50 sínú òfin, tí kò sí ẹni tó ń bu epo láti inú ọkọ̀ ojú omi, láti inú táǹkì àti láti ẹnu ilé epo lọ yẹ̀ wò, tí wọn kì í sì í sọ ohun tí wọ́n rí fún aráàlú, a ó máa san owó epo mímọ́, a ó sì máa fa èéfín epo ẹlẹ́gbin. Èyí burú ju kí òfin má sí lọ, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó san án. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 tí ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta bẹntiróò, àyẹ̀wò náà kò ṣeé fi sí èbúté nìkan mọ́. Ó yẹ kí ó dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé ìfọpo abẹ́lé, ńlá àti kékeré, kí ìwọ̀n kan náà sì kan gbogbo wọn.

Ohun tí ẹ ó ṣe ní ìpàdé

Kí awakọ̀ àti ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ nínú ẹgbẹ́ yín sọ iye lítà tí ó ń jó lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ jọ ṣírò ohun tí náírà márùn-ún lórí lítà yóò jẹ́ fún olúkúlùkù. Lẹ́yìn náà, kí àwọn òbí tí ọmọ wọn ní ikọ́ fée tàbí òtútù àyà láàárín ọdún tó kọjá sọ ohun tí wọ́n ná, àti ọjọ́ tí wọ́n fi pa ọjà tì, láìjẹ́ pé a gbé gbogbo rẹ̀ lé epo lórí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì tó wà láàárín yín iye mọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ wọn lóṣù tó kọjá tí kátálíìsì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé náírà márùn-ún pọ̀ jù, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ ní kí ó sọ iye tó rò pé ó yẹ, àti ìdí rẹ̀. Kí akọ̀wé kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí wa kí ìwé ìròyìn tó ń bọ̀ tó wọ ilé ìtẹ̀wé. A ó tò ó síbẹ̀ ní apá méjì, ìná àti ìrí.